Iṣẹ́ Ọdún Kan, Orin Òru Kan: Ojú Tí Ó Yẹ Kí A Fi Wo Akéwì Ẹ̀fẹ̀

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní Kétu, òru ni ọ̀rọ̀ máa ń ṣáájú ijó. Tọmọdé tàgbà á péjọ sí gbàgede ọjà, ìlù á máa dún, Tètèdé á jáde, á pe ẹnìkejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Ọ̀rọ̀ Ẹ̀fẹ̀ á tó yọ. Yóò júbà òrìṣà, yóò júbà àwọn ìyá, yóò júbà àwọn àgbà tí wọ́n ti kọrin kí òun tó dé ilé ayé. Lẹ́yìn ìjúbà ni yóò wá bẹ̀rẹ̀ sí fi orin tú ọ̀rọ̀ ìlú palẹ̀ títí ojúmọ́ yóò fi mọ́. Ní ọ̀sán, ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ á tẹ̀lé e. Ohun tí òǹwòran ń rí nìyí. Ohun tí kì í rí ni oṣù méjìlá tí ẹni tí ó wà lábẹ́ ère náà ti fi ń ṣiṣẹ́ kí òru kan ṣoṣo tó lè kún fún orin. Iṣẹ́ tí ó fara pamọ́ yìí ni ó yẹ kí lámèyítọ́ yẹ̀ wò, nítorí pé láìmọ̀ ọ́n, kò sí ẹni tí ó lè sọ ìdí tí orin kan fi dára tí èkejì kò fi dára.

Àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ nípa akéwì yìí. Èkíní ni èrò pé ẹnu àṣà lásán ni. Pé ohun tí bàbá fi lé ọmọ lọ́wọ́ ni ọmọ ń tún sọ. Èkejì ni èrò pé ẹ̀bùn ni orin; pé ó kàn ń já bọ́ sí akéwì lẹ́nu bí èso tí ó pọ́n ṣe ń já bọ́ láti orí igi. Èrò méjèèjì dà bí ẹni pé wọ́n tako ara wọn, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n parí sí: wọ́n gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bí orin bá jẹ́ ti àṣà nìkan, kò sí ẹni tí ó ṣe é; bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀bùn nìkan, kò sí ẹni tí ó jìyà kí ó tó dára. Akéwì fúnra rẹ̀ a máa dá kún àṣìṣe kejì, nítorí ìwà ọmọlúàbí kò jẹ́ kí ó yin ara rẹ̀ níwájú àwọn ìyá. Oore ni yóò pe ohun tí ó fi òógùn ojú rẹ̀ wá. Ìtẹríba nìyẹn; kì í ṣe ìròyìn bí iṣẹ́ ṣe lọ.

Olóògbé Ọlabiyi Babalọla Yai, ọ̀mọ̀wé ọmọ Sábẹ̀ tí ó fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe ìwádìí èdè àti ọnà Yorùbá, ti tọ́ka sí ọ̀nà tí a lè gbà kúrò nínú àṣìṣe yìí nínú àpilẹ̀kọ kan tí ó gbé jáde ní 1993. Ó padà sí inú èdè fúnra rẹ̀. Ó so ọ̀rọ̀ náà, àṣà, mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ṣà, èyí tí ó wà nínú àṣàyàn, tí a sì ń lò nígbà tí a bá ń mú èyí tí ó dára tí a ń fi èyí tí kò dára sílẹ̀. Ní ojú ìwòye rẹ̀, àṣà kì í ṣe ẹrù tí a gbé ru ènìyàn; ohun tí ìran kan ṣà nínú ohun tí ó bá nílẹ̀ ni. Ó tún fi hàn pé àrè ni Yorùbá ń rí nínú oníṣẹ́-ọnà tòótọ́, ẹni tí kì í fìdí kalẹ̀ pátápátá sí ibi tí a ti mọ̀ ọ́n. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi orin Ẹ̀fẹ̀ yí padà. Kì í ṣe bóyá ó jẹ́ ti àtijọ́ tàbí titun ni a ó máa béèrè mọ́. Kí ni akéwì ṣà? Kí ni ó fi sílẹ̀? Kí ni ṣíṣà náà ná an?

Ohun àkọ́kọ́ tí ó ń ṣà ni ọ̀rọ̀ tí yóò kọrin lé lórí. Lẹ́yìn ìkórè ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ọdọọdún sábà máa ń wáyé. A sì tún ń ṣe é nígbà tí ọ̀dá tàbí àjàkálẹ̀-àrùn bá dé, tàbí láti fi ṣe ẹ̀yẹ fún òkú. Nítorí náà akéwì kò lè dúró de ọjọ́ ọdún kí ó tó máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Láti ọjọ́ tí ọdún kan bá ti parí ni etí rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ ṣí sílẹ̀ fún èyí tí ń bọ̀. Ó ń gbọ́ ti ọjà, ó ń gbọ́ ti odò, ó ń gbọ́ ti ibi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀. Àwọn ènìyàn náà a máa gbé ọ̀rọ̀ wá bá a: ìyá tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ọ̀dọ́ tí ó fẹ́ kí a bá òun bú ọ̀tá rẹ̀, ẹbí tí ó fẹ́ kí a dárúkọ òkú wọn kí ìlú má baà gbàgbé. Gbogbo wọn ni ó ní ìdí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ní òtítọ́. Àṣà sì ti fún akéwì ní ààbò ńlá: wọn kì í mú un sí ohun tí ó bá sọ ní òru Ẹ̀fẹ̀. Ààbò yìí gan-an ni ó sọ ṣíṣà di ìnira. Ẹni tí a kò lè pè lẹ́jọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pe ara rẹ̀ lẹ́jọ́. Akéwì tí ó gba owó lọ́wọ́ ẹnìkan láti ba ẹlòmíràn jẹ́ lè rí ẹ̀rín gbà ní òru yẹn, ṣùgbọ́n ìlú kì í pẹ́ mọ̀, bí wọ́n bá sì ti mọ̀, orin rẹ̀ ti di ìjà àdúgbò lásán.

Lẹ́yìn tí ó bá ti mú ọ̀rọ̀, ó kù ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́. Ibí yìí ni a ti ń mọ ẹni tí iṣẹ́ yé. Bí baálé kan bá ta ilẹ̀ ẹbí, ẹni tí iṣẹ́ kò yé yóò pè é ní olè. Ẹni tí iṣẹ́ yé yóò kọrin nípa àgbẹ̀ kan tí ó se èbù iṣu rẹ̀ jẹ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, tí ó wá ń béèrè lọ́wọ́ òjò nígbà tí òjò dé. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tí ó jókòó ní gbàgede ni ó mọ ilé tí a ti se èbù, baálé náà sì wà láàárín wọn tí kò lè dìde, nítorí pé ẹni tí ó bá dìde ni ó ti jẹ́wọ́. Ẹ̀wà orin bẹ́ẹ̀ kò sí nínú òwe tí ó wà nínú rẹ̀ nìkan. Ó wà nínú pé akéwì fi iṣẹ́ díẹ̀ sílẹ̀ fún òǹgbọ́ láti ṣe. Kí ó tó lè fi í sílẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ ronú ohun tí òǹgbọ́ mọ̀ àti ohun tí kò mọ̀, kí òwe má jìn jù kí ó má sì sún mọ́ jù. Ìwọ̀n yìí ni a kò lè jogún. Bí ìlú bá yí padà, ìwọ̀n náà á yí padà, a ó sì tún un wá lọ́dún kejì.

Èdè fúnra rẹ̀ tún ní ìdènà tirẹ̀. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà, ohùn ni ó sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí orin bá gùn sókè níbi tí ọ̀rọ̀ ti dúró láàárín, obìnrin tí ń pe ọkọ rẹ̀ yóò di ẹni tí ń pe ọkọ́ tí a fi ń roko, ẹ̀rín á sì sọ níbi tí a kò ti fẹ́ ẹ. Síbẹ̀, bí orin bá kàn ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni yóò jẹ́, kì í ṣe orin. Akéwì wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan kò bá bá orin mu, ó ní láti wá òmíràn: yóò wo inú oríkì, yóò wo àdàpè, yóò yá ọ̀rọ̀ láti Sábẹ̀ tàbí láti Ọ̀yọ́, yóò jí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà tí àwọn ọ̀dọ́ ti gbàgbé. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ tí ó fi agbára wá yìí a máa dára ju èyí tí ó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn lọ. Ohun tí ó yẹ kí onímọ̀ èdè ṣàkíyèsí nìyí. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó wà nínú orin Ẹ̀fẹ̀ lè má jẹ́ àmì pé orin náà ti pẹ́. Ó lè jẹ́ àmì pé akéwì kan, ní ọdún yìí, jókòó ní òru títí ó fi rí ọ̀rọ̀ tí ohùn rẹ̀ bá orin rẹ̀ mu.

Orin kò sì tíì parí nígbà tí akéwì bá parí rẹ̀. Àwọn agberin wà. Òun ni yóò dá a, àwọn ni yóò gbè é, gbogbo ìlú ni yóò sì gbà á lẹ́nu wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Orin tí agberin kò lè gbà láìṣì í kì í lọ jìnnà, bí ó ti wù kí ìmọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń kọ́ orin ní ìkọ̀kọ̀ ṣáájú ọjọ́ ọdún, níbi tí àwọn tí orin ń bá wí kò ti lè gbọ́. Níbẹ̀ ni akéwì ti ń rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ìlà tí ó dùn ún lẹ́nu nígbà tí ó dá wà ń kọ́ agberin lẹ́nu. Ó ní láti gé e kúrú. Àwàdà tí ó rò pé yóò pa wọ́n lẹ́rìn-ín kò pa ẹnikẹ́ni. Ó ní láti jù ú nù. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí akéwì Ẹ̀fẹ̀ ti lágbára tó kò gbọdọ̀ ka orin tí ó kọ nìkan. Ó yẹ kí ó béèrè iye tí ó fi sílẹ̀.

Ní ti orógbó tí akọrin ń jẹ nítorí ohùn, ìsọ̀yè tí ó ń lò nítorí ìrántí, àti èèwọ̀ tí ó ń pa mọ́ kí ọjọ́ ọdún tó pé, àwọn kan ti fi wọ́n ṣe ẹ̀rín, àwọn mìíràn sì ti fi wọ́n ṣe àdììtú. Kò sí èyí tí ó ran òye lọ́wọ́. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé wọ́n ń to iṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni tí yóò dúró lábẹ́ ère láti òru mọ́jú, tí kò ní ìwé lọ́wọ́, tí kò gbọdọ̀ ṣi orúkọ kan pè nínú ìjúbà, kò lè jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún kí ó sọ pé òun ti múra tán. Ìwà tí ó ń tún hù lójoojúmọ́ ni ó ń gbé e ró nígbà tí ẹ̀rù bá dé. Ẹ̀rù yóò sì dé. Ó ń bẹ̀rù àwọn ìyá. Ó ń bẹ̀rù ẹni tí yóò bá wí. Ó ń bẹ̀rù kí ohùn má há. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í fi orin nìkan jẹun: oko ń dúró, ọmọ ń sunkún, àkókò tí orin gbà ti kúrò lára àkókò iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tí ó le jù ni orin èṣí. Bí orin tí ó kọ ní ọdún tó kọjá bá dùn, ìlú yóò fẹ́ kí ó tún un kọ. Bí ó bá tún un kọ, wọn yóò yọ̀, wọn yóò sì sọ nígbà tí wọ́n bá dé ilé pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Kò sí akéwì tí ó lè jàjàbọ́ lọ́wọ́ èyí bí kò ṣe nípa fífi ohun tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe sílẹ̀. Ìtumọ̀ àrè nìyí fún ẹni tí kò tilẹ̀ kúrò ní ìlú rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ti mọ iyì orin wọ̀nyí láti ìgbà pípẹ́. Ní 1975, Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju fi hàn pé orísun ìtàn ni ewì Ẹ̀fẹ̀ jẹ́ fún ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá. Iṣẹ́ pàtàkì ni, pàápàá fún Kétu tí ogun Dàhómì kó ní 1886, tí àdéhùn àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Faransé ní 1889 sì fi ààlà pín ilẹ̀ rẹ̀ sí méjì. Ṣùgbọ́n ìbéèrè òpìtàn kì í ṣe ìbéèrè lámèyítọ́. Òpìtàn ń béèrè ohun tí orin sọ nípa ìṣẹ̀lẹ̀. Lámèyítọ́ gbọ́dọ̀ béèrè ìdí tí akéwì fi mú ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn nínú ọgọ́rùn-ún, àti ìdí tí ó fi sọ ọ́ lọ́nà bẹ́ẹ̀. Bí àkójọ kan bá kọ orin sílẹ̀, tí ó kọ orúkọ ìlú sí i, tí kò kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ó ti ran òpìtàn lọ́wọ́ díẹ̀, ó sì ti sé ọ̀nà mọ́ lámèyítọ́ pátápátá.

Ohun tí a sọ nípa akéwì kò yàtọ̀ nípa agbẹ́gilére. Lórí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a ti ń rí ejò àti ẹyẹ, níbẹ̀ náà ni a ti ń rí alùpùpù àti ọkọ̀ òfuurufú. Kò sí ẹni tí ó sọ pé alùpùpù ba àṣà jẹ́. Ojú agbẹ́gilére rí i, ó sì ṣà á. Ọ̀nà yìí ni ó yẹ kí a gbà wo Romuald Hazoumè, oníṣẹ́-ọnà ọmọ Àjàṣẹ́ tí a bí ní 1962. Kẹ́ẹ̀gì oníke tí wọ́n fi ń gbé epo bẹntiróòlù wá láti Nàìjíríà ni ó ń lò láti ìdajì ẹ̀wádún 1980: ọwọ́ kẹ́ẹ̀gì di imú, ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu ènìyàn. Fún La Bouche du Roi, iṣẹ́ tí ó ṣe láti 1997 sí 2005, ó to irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ tí ó ju 300 lọ ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi tí a fi kó ẹrú, gẹ́gẹ́ bí àwòrán ọkọ̀ Brookes ti 1789 ṣe fi í hàn. Ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó ra iṣẹ́ náà. Àwọn tí ó wò ó ní ibẹ̀ lè rò pé ohun titun gbáà ni. Ẹni tí ó bá mọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yóò rí i pé iṣẹ́ kan náà ni: láti wo ohun tí gbogbo ènìyàn ń kọjá lára rẹ̀ lójoojúmọ́, kí a wò ó pẹ́, títí ojú kan yóò fi yọ nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ tí iṣẹ́ yẹn gbà àti ọdún kan tí orin Ẹ̀fẹ̀ gbà, sùúrù kan náà ni.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni ewu wà. Ní 2001, UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò ní ọ̀kan nínú àwọn iṣẹ́ ọnà àgbà tí ayé gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ní 2008, ó wọ inú àkọsílẹ̀ ogún àṣà ìran ènìyàn. Ìkéde náà dára, àjọ náà fúnra rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé ìrìn-àjò afẹ́ lè sọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ di eré lásán. Ìkìlọ̀ yẹn jinlẹ̀ ju bí a ti ń rò lọ. Níwájú àlejò tí kò mọ ilé ẹni tí ó se èbù, orin kò ní ẹni tí ó ń bá wí. Akéwì tí a pè láti wá dá àlejò lárayá kò nílò ọ̀rọ̀ ọdún yìí. Orin èṣí tó, orin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn tó. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nínú rẹ̀. Báyìí ni ọ̀tá tí ó le jù yóò ṣe borí rẹ̀ láìjà.

Fóònù àti ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sílẹ̀ náà ní ipa tiwọn. Láyé àtijọ́, ẹnu ìlú ni ó ń pinnu orin tí yóò yè. Lónìí, orin tí a gbà sílẹ̀ lè padà wá bá àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n kọ́ ọ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀, kí wọ́n sì rò pé bí a ti ń ṣe Ẹ̀fẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí a sọ lábẹ́ ààbò òru sì lè jáde lọ sí ọ̀sán gangan, sí ibi tí a kò mọ ààbò náà. Akéwì tí ó bá mọ èyí yóò bẹ̀rẹ̀ sí ṣọ́ra. Orin rẹ̀ kò ní í mú mọ́. Síbẹ̀, kò sí ọlọgbọ́n tí yóò sọ pé kí a má gba orin sílẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ ohùn ni ikú ti mú lọ tí ẹ̀rọ kò bá.

Ohun tí ó kù ni kí àwọn tí ń kó orin jọ, ní Kétu, ní Sábẹ̀, ní Àjàṣẹ́ àti níbi gbogbo tí a ti ń sọ Yorùbá-Nàgó, fẹ ìbéèrè wọn sí i. Kí wọ́n kọ orúkọ akéwì, bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, ọ̀rọ̀ wo ni ó wà nínú ìlà yìí kí ó tó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, ta ni agberin tí ó sọ pé ìlà náà gùn jù. Kí wọ́n béèrè orin tí kò kọ. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò ní í tú àṣírí awo. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n, oníṣẹ́ kì í sì kọ̀ láti sọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó mọ bí a ti ń béèrè. Àkójọ tí ó bá ní orin nìkan dà bí àká tí ó kún fún iṣu jíjẹ tí kò sí èbù nínú rẹ̀. Yóò bọ́ àwọn tí ó wà lónìí. Ṣùgbọ́n bí òjò ọdún tí ń bọ̀ bá rọ̀, kí ni a ó gbìn?